Ilé Tó Ní Sàréè

Bàbá Ayẹni nìkan ló kù nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà. Yàrá mẹ́fà, ẹnì kan. Tó bá wúkọ́ ní pálọ̀, yàrá òkè ló ń dá a lóhùn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ọmọ́fẹ́, ìyàwó rẹ̀, wà láyé, ilé náà kì í ṣófo. Bí ará Ìjerò kan bá wá gbàtọ́jú ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ń sọ̀ sí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò bá rí yàrá gbà ní Agbowó, ibẹ̀ ló ń sùn títí á fi rí. Ọmọ́fẹ́ kú ní ọdún 1991. Ṣèyífúnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Kánádà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó máa ń pè lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. "Dádì, ṣé ẹ ń jẹun?" Bàbá á ní òun ń jẹun. Ọ̀rọ̀ á tán.

Adégbénró ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi orúkọ yẹn pè é ti wà lábẹ́ táìsì funfun lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.

Nígbà tí Bàbá Ayẹni fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ní òun kò ní jókòó máa ka ìwé ìròyìn títí ikú á fi dé. Ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Challenge. Owó tí ìjọba fún un kò tó ra ẹ̀rọ, ló bá kó ìwé ilé lọ sí báǹkì, ó fi dógò, ó yáwó. Ẹni tó bá ṣe búrẹ́dì láyé ìgbà náà mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Fúláwà wọ́n. Iná kò dúró. Dísù tí wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀ wọ́n ju fúláwà lọ. Lọ́dún tí wọ́n fagi lé ìbò, ìlú dàrú, ọ̀nà dí, ààrò tutù fún odindi oṣù kan. Ṣùgbọ́n èlé orí owó kì í bá wọn dá iṣẹ́ sílẹ̀. Òun kì í sùn. Bàbá ta mọ́tò, ó san án. Ó ta ẹ̀rọ ní owó irin, ó san án. Èlé jẹ méjèèjì, kò yó.

Síbẹ̀, ọkàn Bàbá balẹ̀ lórí ilé. Ó ní ohun tó gbójú lé.

Àwọn àgbà Ìjerò máa ń sọ ọ́ nígbà tó wà ní kékeré pé ilé tó bá ti ní sàréè, kì í lọ sọ́jà. Ta ni yóò ra òkú olókùú mọ́ ilé? Ta ni yóò máa sùn níbi tí ará ilé àtijọ́ kò tíì kúrò? Ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bí ó ti gba Bíbélì gbọ́. Nígbà tí Ọmọ́fẹ́ kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọkọ̀ wá láti Ìjerò pé kí wọ́n gbé òkú lọ sílé. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Ìbàdàn ni Ọmọ́fẹ́ gbé ọjọ́ ayé rẹ̀, Ìbàdàn ni yóò sùn sí, nítòsí òun. Wọ́n bínú, wọ́n yí ọkọ̀ padà lófìfo. Láti ọjọ́ náà, ará Ìjerò kò yà sí Bódìjà mọ́.

Òtítọ́ ló sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà ní èkejì tó gbé mì. Owó báǹkì ti wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà. Bó ti dúró tó ń wo àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé, kí báǹkì wá tà á báyìí, ká wò ó.

Ní ọdún 1995, báǹkì ní àwọn fẹ́ tà á.

*

Ọ́fíìsì Ọlábọ̀dé Oyèbọ́lá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Dùgbẹ̀. Lọ́yà ni. Bàbá rẹ̀ àti Bàbá Ayẹni jọ ṣiṣẹ́ ìjọba ni, Bàbá sì mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń tọ̀ sílé.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ má jókòó sórí ìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀. Ti apá ibí ni kẹ́ ẹ jókòó lé."

Bàbá jókòó. "Wọ́n ní àwọn máa lu ilé mi ní gbàǹjo."

"Mo ti gbọ́, sà."

"Ọmọ́fẹ́ wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé Ọlábọ̀dé. Nígbà tó yé e, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Sà, òfin kò mọ òkú. Ilẹ̀ lẹ fi dógò. Ilé tó wà lórí ilẹ̀ bá a lọ. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà bá a lọ."

"Kò sẹ́ni tó máa rà á."

"Wọ́n máa rà á. Owó rẹ̀ ló máa já wálẹ̀."

Gbogbo ọdún tí Bàbá fi gbọ́kàn lé sàréè náà, kò fìgbà kan ronú kan ibẹ̀ yẹn. Àgádágodo tó rò pé òun fi ti ilẹ̀kùn, ìdínkù owó ilé ni.

Nígbà tó yá, ó ní, "Mo gbọ́ pé èèyàn lè lọ sí kóòtù lọ sọ fúnra rẹ̀ pé òun kò lè san."

Ọlábọ̀dé wò ó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín àfiṣe yẹ̀yẹ́. "Òfin náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí ọmọ Yorùbá tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn á sá lọ Kútọnu, tàbí kó ní ayé ló ń ṣe òun."

"N kò mọ ọ̀nà Kútọnu."

"Mo mọ̀, sà."

"Ayé kò sì ṣe mí. Fúláwà ni."

Ọlábọ̀dé tún rẹ́rìn-ín. Ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Ẹ gbọ́, sà. Ibi tí gbogbo onílé ti ń ṣì í nìyí. Wọ́n rò pé tí kóòtù bá ti dá sí i, ilé bọ́. Kò bọ́. Àwọn tó yá yín lówó láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ẹni tó ń ta fúláwà, ẹni tó ń gbé dísù, àwọn ni kóòtù máa dá dúró. Wọn ò ní lè wá jókòó tì yín lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ṣùgbọ́n báǹkì ti di ilé mú kí kóòtù tó dé. Ìta àṣẹ kóòtù ni báǹkì dúró sí. Ilé tí ẹ bá ti fi dógò, kóòtù kò lè já a gbà."

"Kí wá ni kóòtù fẹ́ ṣe fún mi?"

"Tí wọ́n bá ta ilé, tí owó rẹ̀ kò sì tó, ohun tó bá kù á di gbèsè lásán bíi ti fúláwà. Ìyẹn ni kóòtù lè gbé kúrò lọ́rùn yín. Wọ́n á kó ohun tí ẹ ní, wọ́n á pín in fún gbogbo wọn, kálukú á gba ìwọ̀n tó bá kàn án. Wọn ò ní bọ́ aṣọ lọ́rùn yín, wọn ò ní gbé ẹní yín. Tó bá pẹ́ títí, adájọ́ á ní ó tó, kẹ́ ẹ máa lọ lómìnira."

"Báwo ni yóò ti pẹ́ tó?"

"Ó wà lọ́wọ́ adájọ́, sà. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, orúkọ yín á jáde nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n á gbé yín dúró síwájú èèyàn, wọ́n á bi yín bí gbogbo rẹ̀ ti ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ ò ní lè lọ yá owó gidi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. Ẹ ò ní lè du ipò."

"N kò du ipò."

"Bàbá Ìjọ ńkọ́?"

Bàbá Ìjọ ni wọ́n fi Bàbá Ayẹni jẹ nínú ìjọ rẹ̀, oyè tí wọ́n kì í fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀.

"Nǹkan kan tún kù," ni Ọlábọ̀dé wí. "Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Bí ẹ bá kó nǹkan yín pa mọ́ sórúkọ ọmọ tàbí àbúrò, adájọ́ á wá a jáde, á gbà á padà."

"Ta ni mo fẹ́ fún?"

Ọlábọ̀dé wo tábìlì.

"Ìmọ̀ràn mi nìyí, sà. Ẹ má jẹ́ kó dé orí gbàǹjo. Ilé tí gbàǹjo bá tà, owó tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń fún un. Ẹ ta á fúnra yín. Báǹkì máa fọwọ́ sí i, nítorí owó ni wọ́n ń wá, wọn ò wá ilé. Mo mọ ẹnì kan tó ń wá ilé ní Bódìjà. Tó bá rà á ní iye tó yẹ ẹ́, ẹ máa san báǹkì tán, ẹ máa san fúláwà àti dísù tán, ẹ ò ní rí kóòtù sójú."

"Tí kò bá rà á ní iye tó yẹ ẹ́?"

"Ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn ilé, sà."

*

Àlàájà Àmúdàtù ló ń wá ilé. Páànù àti irin ìkọ́lé ló ń tà ní Mọ́kọ́lá. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì ń fi ìka kan ògiri bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ta ló kọ́ ilé yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò jí sìmẹ́ńtì."

"Ta ni mo fẹ́ jí i lọ́wọ́ rẹ̀?"

Àlàájà bú sẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jí i, Bàbá! Ọkọ mi jí tiwa. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé iyanrìn ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ògiri ti là, ó ń dá sọ̀rọ̀ báyìí."

Ó wo òkè, ó wo ilé ìdáná, ó ṣí omi ẹ̀rọ, omi kò yọ, ó ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ilé. Wọ́n jáde sẹ́yìn. Igi ọsàn ń so. Lábẹ́ rẹ̀ ni táìsì funfun wà, ó ń dán, nítorí àràárọ̀ ni Bàbá ń nù ún.

Àlàájà dúró. "Ta nìyí?"

"Ìyàwó mi."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ètè rẹ̀ mì díẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ojú. "Ọlọ́run á kẹ́ wọn." Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká jókòó."

Wọ́n jókòó sórí àkàsọ̀ ẹ̀yìnkùlé.

"Ilé yín dára. N kò ní tàn yín. Bí kì í bá ṣe ti ibẹ̀ yẹn, mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ni mo máa san, mo sì máa san án lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ilé tó ní àlejò tí kì í lọ, tí kì í sanwó ilé, ẹ̀yin náà ẹ gbé e yẹ̀ wò."

"Kì í ṣe àlejò. Onílé ni."

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Màá san owó tán, onílé á ṣì wà nílé."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Bàbá. Bí Ọmọ́fẹ́ bá gbọ́, ì bá ti rẹ́rìn-ín títí omijé á fi dà lójú rẹ̀.

"Bí wọ́n bá wà níbẹ̀," ni Àlàájà wí, "mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Kì í ṣe pé òkú ń bà mí lẹ́rù. Gbogbo wa la máa kú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọmọ mi ló máa gbébẹ̀, tí mo bá sì fẹ́ tà á lọ́jọ́ kan, bí mo ti ṣe fún yín yìí ni wọ́n máa ṣe fún mi. Ẹ gbé wọn lọ sílé, Bàbá. Ẹ gbé wọn lọ sáàárín àwọn èèyàn wọn."

Báǹkì ń retí mílíọ̀nù méjì. Ìyá Ọlájùmọ̀kẹ́ tó ń ta fúláwà ń retí owó rẹ̀. Ẹni tó ń gbé dísù ń retí tirẹ̀. Bí Ọmọ́fẹ́ bá kúrò níbẹ̀, gbogbo wọn á gba owó wọn, orúkọ Ayẹni á mọ́. Bí ó bá dúró, orúkọ yóò lọ.

"Ẹ fún mi láyè," ni Bàbá wí.

"Títí oṣù yìí á fi parí. N kò ní wo ilé mìíràn."

*

Bàbá Ayẹni kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ó wọ bàtà, ó lọ sí ìtẹ́ òkú ní Sángo. Ó bá ọkùnrin kan tó ń gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà lórí ṣọ́bìrì tó fi ṣe ìjókòó. Bàbá sọ ohun tó bá wá.

"Ọdún mélòó ni wọ́n ti wà níbẹ̀?"

"Ó ń lọ sí mẹ́rin."

"Táìsì àbí kọnkéré?"

"Táìsì lókè. Yẹ̀pẹ̀ nísàlẹ̀."

Ọkùnrin náà ju èèpo ẹ̀pà nù. "Ilẹ̀ Bódìjà máa ń mu omi, Bàbá. Pósí á ti lọ. Kẹ́ ẹ má fowó ṣòfò ra òmíràn. Àpò la máa lò."

"Àpò wo?"

"Èyí tó bá ti lágbára. Àpò fúláwà ló dáa jù. Kì í já."

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún un lówó díẹ̀, ọkùnrin náà sì béèrè pé ọjọ́ wo ni kí òun wá. Bàbá ní òun á padà wá.

Nígbà tó délé, ó ṣí gáréèjì. Látìgbà tó ti ta mọ́tò, kò sí ohun tó wà níbẹ̀ mọ́ ju àpò fúláwà lọ. Wọ́n kún ibẹ̀ dé òrùlé, wọ́n ká wọn dáadáa, wọ́n dì wọ́n ní ìdì ìdì. Ọmọ́fẹ́ ló ká wọn. Ó máa ń ní kò yẹ kí èèyàn sọ àpò tó dára nù, ó lè wúlò lọ́jọ́ kan.

Bàbá fa ọ̀kan yọ. Ó gbọ̀n ọ́n. Ìyẹ̀fun díẹ̀ ṣì wà ní ojú rírán rẹ̀, ó bà lé e lára bí eérú. Ó dúró síbẹ̀, àpò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ronú pé òun á gbé àpò náà sórí itan nínú ọkọ̀ Ìjerò, kọ̀ndọ́kítọ̀ á sì béèrè pé kí ló wà nínú rẹ̀, ṣé wọ́n á gbé e sí búùtù.

Ó ká àpò náà bí Ọmọ́fẹ́ ti ń ká a. Ó dá a padà. Ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì ó sọ fún Ọlábọ̀dé pé kó kọ ìwé títà. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀.

*

Àlùfáà Luke Ọdúnayọ̀ wá kí i nígbà tó gbọ́. Ó jókòó sí pálọ̀, níbi tí Bàbá ti ń di ẹrù.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Ẹ gbé Màmá lọ sí Ìjerò. A máa ṣe ìsìn kékeré, èmi fúnra mi á tẹ̀ lé yín. Màmá kò sí níbẹ̀ yẹn mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ibi tí wọ́n wà, wọn kò mọ Bódìjà yàtọ̀ sí Ìjerò."

"Òtítọ́ ni."

"Ṣùgbọ́n orúkọ yín wà. Bí wọ́n bá gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn pé gbèsè wọ̀ yín lọ́rùn, ìgbìmọ̀ ìjọ…" Ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. "N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́."

"Ẹ má sọ ọ́. Ẹ fún ẹlòmíràn ní ìjókòó náà."

"Bàbá."

"Akínbíyì ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ fún un. Ẹ kàn sọ fún un pé ẹsẹ̀ ọ̀tún àga náà ń dún."

Àlùfáà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ó gbàdúrà, ó lọ. Ó ní òun á máa wá. Ó wá lẹ́ẹ̀kan sí i.

Moníyà ni Bàbá kó lọ, sí yàrá kan nínú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ẹrù tó gbé kò kún ọkọ̀. Nígbà tí Àlàájà san owó, báǹkì ló gbà á, gbogbo rẹ̀ pátá. Nínú ìwé títà, Ọlábọ̀dé kọ ọ́ pé ẹni tó ra ilé kò gbọdọ̀ hú sàréè náà, àti pé Ayẹni lè máa wá síbẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àlàájà tẹ̀ka sí i. Ó ní, "Ẹ máa wá nígbà tó bá wù yín. Ẹ sáà ti máa kan géètì."

*

Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ pé òun kò lè san gbèsè tó kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é, àwọn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Adájọ́, akọ̀wé, ẹnì kan láti báǹkì, ọkùnrin dísù tó sùn lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ọlájùmọ̀kẹ́ wà níwájú, ó so gèlè bí ẹni ń lọ sí ìjà.

Ọ̀gá kan wà tí ìjọba yàn láti bójú tó ohun ìní àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Òun ló ń bi Bàbá léèrè. Ó bi í nípa ilé búrẹ́dì. Ó bi í nípa mọ́tò, nípa ẹ̀rọ, nípa ẹni tó rà wọ́n. Bàbá dáhùn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ọ̀gá náà ní:

"Wọ́n fẹ́ san mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ lórí ilé yín bí ẹ bá gbé sàréè kúrò. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Owó yẹn ì bá san gbogbo gbèsè yín tán, ì bá sì tún kù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wá gba mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Àwọn tó jókòó síbí yìí ni ẹ fi ìyókù dù. Kí ló dé?"

Ìyá Ọlájùmọ̀kẹ́ na ọrùn. Adájọ́ dá bírò dúró.

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Nígbà tí mo sin ín síbẹ̀, mo fi í ṣe àgádágodo, kí báǹkì má bàa lè ta ilé. Kò mọ̀. N kò bi í." Ó mí. "Mo ti fi í ṣe àgádágodo lẹ́ẹ̀kan. N kò lè tún fi í ṣe owó."

Ọ̀gá náà ṣí ìwé iwájú rẹ̀, ó tún un pa dé. Ó ní òun kò ní ìbéèrè mìíràn.

Níta, Ìyá Ọlájùmọ̀kẹ́ dè é lábẹ́ igi.

"Bàbá Ayẹni."

"Ìyá Ọlájùmọ̀kẹ́."

"N kò dárí jì yín o. Ẹ jẹ́ kó yé yín."

"Ó yé mi."

"Àpò fúláwà mi wà lọ́rùn yín."

"Ó wà níbẹ̀. Tí pẹ́ńsàn mi bá wọlé, bí adájọ́ bá gbà mí láyè, mo máa mú lára rẹ̀ wá."

"Pẹ́ńsàn wo? Èyí tí wọn ò tíì san láti Kérésì?" Ó pòṣé. Ó tún gèlè rẹ̀ so. "Àwọn oníbúrẹ́dì yòókù tó jẹ mí lówó, tí wọ́n bá rí mi, wọ́n á yà sí gọ́tà. Ọ̀kan fara pa mọ́ sẹ́yìn àga ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró sọ ọ́ lójú mi." Ó ń lọ, ó tún yíjú padà. "Mo kí yín. Ṣùgbọ́n n kò dárí jì yín."

Orúkọ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Adégbénró Ayẹni, tó ń gbé ní Bódìjà tẹ́lẹ̀. Ó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní Moníyà, ó kà á lórí ìdúró. Ẹni tó tà á fún un kò mọ̀ pé òun ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣèyífúnmi kò ní nọ́ńbà kankan tó lè fi pè é níbẹ̀. Ọjọ́ náà kọjá láìsí ẹni tó bá a sọ ju "Bàbá, ẹ sún díẹ̀" lọ.

*

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ bọ́ọ̀sì láti Moníyà, ó bọ́ sílẹ̀ ní Bódìjà, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù. Wọ́n ti kun géètì ní àwọ̀ ewé. Ó fẹ́ tì í wọlé bó ti máa ń ṣe, ó rántí, ó kàn án.

Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ló ṣí fèrèsé kékeré ara géètì.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ta lẹ fẹ́ rí?"

"Ìyàwó mi."

Ọkùnrin náà wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Ìyàwó yín? Nínú ilé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Ọmọ́fẹ́."

"Kò sí Ọmọ́fẹ́ níbí, Bàbá. Bóyá ilé kejì lẹ ń wá."

"Ó wà lẹ́yìn ilé. Lábẹ́ igi ọsàn."

Ọkùnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀, ó dánu dúró. Ó ṣí fìlà lórí. Ó fa irin géètì, ó ṣí i gbayawu, bí ẹni ń ṣí i fún mọ́tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá fẹsẹ̀ rìn ni.

Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Ohùn ọmọdé ń jáde láti yàrá òkè, ẹnì kan ń din nǹkan ní ilé ìdáná. Wọ́n ti ká ọsàn ìsàlẹ̀ tán, ti òkè nìkan ló kù. Lórí táìsì funfun, ẹnì kan sá aṣọ iléèwé àwọn ọmọ sí oòrùn, wọ́n tẹ́ ẹ lẹ́sẹẹsẹ láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó dúró wò ó. Ẹnu ya Bàbá díẹ̀ pé inú kò bí òun.

Ó ti aṣọ kan sí ẹ̀gbẹ́, ó jókòó síbẹ̀. Kò pẹ́ tí oòrùn fi yí sí apá kejì. Ó na ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí àwọn aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí inú wọn lè gbẹ.